JÍÌPÙ TÍ Ó SÙN SÍLẸ̀: ṢÉ KÍ A YỌ AFẸ́FẸ́ KÍ A FI SÍPÍRÍǸGÌ SÍ I?

 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí. Ẹ má ṣe sọ pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti yá owó ẹgbẹ́ ra jíìpù tòkunbọ̀, nítorí àtimáa lọ sí àwọn ọjà oko tí ọ̀nà wọn kò dára. Bí jíìpù náà bá dúró, owó kò wọlé mọ́. Bí owó kò bá wọlé, ẹni tí ó yá owó kò ní lè san án bí ó ti yẹ. Bí kò bá sì san án, ilẹ̀kùn àwọn onídùúró ni a ó lọ kàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan náà ni ó ń wá síwájú ìgbìmọ̀ wa léraléra: "Ẹ bá mi yá owó kí n fi yọ afẹ́fẹ́ lábẹ́ jíìpù mi, kí n fi sípíríǹgì sí i." Àwọn kan ṣe é, ó dára fún wọn. Àwọn kan ṣe é, owó ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ná. Èyí ni ó mú kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, kí a bi àwọn mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ wọn léèrè, kí a sì kọ ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ kí ó tó tẹ owó sílẹ̀.

KÍ NI AFẸ́FẸ́ Ń ṢE LÁBẸ́ MỌ́TÒ?

Gbogbo mọ́tò ni ó ní ohun tí ó gbé e dúró lórí táyà, tí kì í jẹ́ kí kòtò ojú ọ̀nà gún ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀. Lábẹ́ àwọn lọ́rì, irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn ni. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké, sípíríǹgì tí a ká róbótó ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọn jíìpù olówó ńlá kan, àpò rọ́bà ni, afẹ́fẹ́ ni ó sì wà nínú àpò náà. Ẹ má ṣì í mú fún àpò tí ń tú jáde níwájú awakọ̀ nígbà tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan o. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Nínú irú jíìpù báyìí, Range Rover ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù. Ìlú Solihull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi afẹ́fẹ́ sí i, lára èyí tí ó gùn tí wọ́n pè ní LSE. Nígbà tí Range Rover kejì jáde ní 1994, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní P38, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ní afẹ́fẹ́. Land Rover Discovery kejì, tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2004, wà pẹ̀lú. Ní ti èyí, ẹ̀yìn nìkan ni afẹ́fẹ́ máa ń wà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ní in.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé tí ó sì ń kì í mọ́lẹ̀, bí irú èyí tí fọganáísà fi ń fún táyà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni a ń pè é. Afẹ́fẹ́ náà á kọ́kọ́ gba inú agolo kan kọjá, níbi tí èròjà tí ń fa omi wà, kí ó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà á wọ inú táǹkì, níbi tí agbára rẹ̀ lè tó bíi 10 bar. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré lọ. Láti ibẹ̀, àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé e lọ sínú àwọn àpò. Sẹ́ńsọ̀ wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí mọ́tò ti ga tó. Bí ẹ bá di ẹrù sẹ́yìn, tí ẹ̀yìn fẹ́ lọlẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún un, mọ́tò á sì dọ́gba. Bí ẹ bá wọ ẹrọ̀fọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó gbéra sókè. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ wọlé, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó bẹ̀rẹ̀ fún wọn bí ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́.

Ohun tí ó dára ni. Kí á má purọ́, bí ó bá ń ṣiṣẹ́, kò sí sípíríǹgì tí ó lè ṣe gbogbo èyí.

KÍ NI Ó Ń PA Á?

Ọjọ́ orí ni. P38 tí ó jáde kẹ́yìn pàápàá ti lé ní 20 ọdún, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti lé ní 30 ọdún. Rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́. Bí táyà ti ń sán bí ó bá pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àpò afẹ́fẹ́ ń sán níbi tí ó ti ń ṣẹ́ po. Àwọn òrùka rọ́bà kéékèèké tí ó wà níbi tí àwọn páìpù ti pàdé á gbẹ, wọ́n á sì pẹlẹbẹ. Èròjà tí ń fa omi náà á yó, kò ní lè fa omi mọ́.

Ẹ wá wo bí ọ̀ràn ti ń bí ọ̀ràn. Ihò kékeré kan á lu, afẹ́fẹ́ á máa jò díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó sì sinmi, kò ní rí ìsinmi. Á gbóná, á gbó, á sì jó. Nígbà náà, ìkìlọ̀ á hàn níwájú awakọ̀, kọ̀ǹpútà á ti gbogbo rẹ̀ pa, jíìpù á sì jókòó pátápátá lórí àwọn rọ́bà líle tí a fi gba ìkọlù. Mọ́tò tí ó wà báyìí kò ṣeé wà. Gbogbo kòtò ni yóò máa dún gbàgà lára ṣáàsì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa tí ń ta gàárì nìyẹn. Ọjọ́ ọjà gan-an ni jíìpù rẹ̀ sùn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù nínú. Ó pe mẹkáníìkì kan, onítọ̀hún ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni ó jó, wọ́n sì ra òmíràn. Òótọ́ ni pé ó jó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó jó o. Àpò ẹ̀yìn kan ni ó ń jò. Kò pé oṣù méjì tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì fi bá ti àkọ́kọ́ lọ. Owó ẹ̀yáwó ni ó fi ra méjèèjì. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ti ń yẹra fún un lọ́jà.

Ẹ WÁDÌÍ KÍ Ẹ TÓ TÚ U

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó sọ ni pé kì í ṣe gbogbo jíìpù tí ó sùn sílẹ̀ ni ó yẹ kí a yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Àìsàn kékeré ni òmíràn ń ṣe.

Ẹ mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé jíìpù síbi tí ó tẹ́jú, kí ẹ wọn ìgasókè rẹ̀ láti ilẹ̀ dé etí irin tí ó bo táyà, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ tún un wọ̀n. Ẹsẹ̀ tí ó bá lọlẹ̀ ju àwọn tó kù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ọgbọ́n kan o: kọ̀ǹpútà P38 kì í sùn tán. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 6 á jí, á wo ẹsẹ̀ tí ó lọlẹ̀ jù, á sì sọ àwọn yòókù kalẹ̀ kí wọ́n bá a dọ́gba. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọlẹ̀, ẹ ó rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kan péré ni. Ẹ ní kí rewáyà bá yín yọ rílé tí ń jí kọ̀ǹpútà náà, tí ó wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, kí ẹ tó ṣe ìdánwò yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kí ó hó, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára àpò, páìpù àti ibi ìsopọ̀, gẹ́gẹ́ bí fọganáísà ti ń wá ihò táyà. Ibi tí ó bá ń hó ni ó ń jò. Bí ó bá jẹ́ òrùka rọ́bà tàbí àpò kan ni, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò sì tíì jó, àtúnṣe rẹ̀ lè dín púpọ̀ sí iye tí ẹ ó fi yọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti sán, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti jó, tí sẹ́ńsọ̀ sì ń purọ́, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ sípíríǹgì dé.

SÍPÍRÍǸGÌ KÌ Í ṢE ỌMỌ ÀLÈ

Àwọn kan ń tijú pé bí àwọn bá fi sípíríǹgì sí Range Rover, àwọn ti sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Ẹ má tijú rárá. Nígbà tí Range Rover kọ́kọ́ jáde ní 1970, sípíríǹgì ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni àpọ́nlé nìyẹn, nítorí pé irin pẹlẹbẹ bíi ti lọ́rì ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ jíìpù ìgbà náà. Ní 1972, Range Rover méjì la igbó Darién kọjá, láàrin Panama àti Colombia, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò kankan. Ní 1981, Range Rover ni ó gba ipò kìíní láàrin àwọn mọ́tò nínú ìdíje eré láti Paris dé Dakar ní ilẹ̀ Senegal. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé.

BÍ A ṢE Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ohun tí a ń rà kì í ṣe sípíríǹgì nìkan. Odidi ni a ń rà á: sípíríǹgì mẹ́rin, ìjókòó wọn ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, bóòtì àti nọ́ọ̀tì wọn, àti ohun tí yóò pa ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà náà. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ wọn.

Àkọ́kọ́, a ó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ pátápátá kí a tó fọwọ́ kan páìpù. Níhìn-ín ni a fẹ́ kígbe sí: bí afẹ́fẹ́ bá ti ń jáde, mọ́tò á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Irin ìdúró tí ó lágbára ni kí wọ́n fi gbé ṣáàsì, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe igi. Ẹ̀mí ènìyàn kò ní sípíà páàtì.

Lẹ́yìn náà, a ó tú àwọn àpò kúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó gba kí a tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù kí axle lè sọ̀kalẹ̀ tó. Kí mẹkáníìkì ṣọ́ra kí páìpù bíréèkì àti wáyà ABS má bàa di ohun tí axle fi ń rọ̀. A ó gbé ìjókòó tuntun síbi tí àpò ti kúrò, a ó gbé sípíríǹgì lé e, a ó sì rọra gbé axle padà sókè títí yóò fi jókòó dáadáa. Bí ṣọ́ọ̀kù bá ti gbó, ìgbà yìí ni ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, nítorí sípíríǹgì tí kò ní ṣọ́ọ̀kù gidi á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Lẹ́yìn èyí ni rewáyà á bá ti kọ̀ǹpútà wí. Kí ó yọ ọ́ tàbí kí ó fi ohun tí ó bá odidi náà wá pa ìkìlọ̀ rẹ̀, bí ìwé tí ó bá a wá ti sọ. Kí ó má kàn gé wáyà ṣáá. Ní ìparí, kí wọ́n wa mọ́tò fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì, kí wọ́n tún iná iwájú ṣe kí ó má bàa máa mú àwọn tí ń bọ̀ lójú, kí wọ́n sì gbé e lọ fún alignment.

Ohun mẹ́ta ni a kò gbọ́dọ̀ gbà. Ìkíní, kí ẹnikẹ́ni mú sípíríǹgì mọ́tò mìíràn wá, kí ó gé e, kí ó ní ó bá a mu. Ìkejì, kí wẹ́dà jó sípíríǹgì mọ́ ìjókòó rẹ̀. Iná wẹ́dà ń ba agbára irin sípíríǹgì jẹ́, ó sì lè kán lójijì lórí eré. Ìkẹta, kí wọ́n fi sípíríǹgì tí ó ga jù sí i kí jíìpù lè rí gàgàrà. Bí ó bá ga jù, igun tí axle fi dúró á yí padà, ìdarí mọ́tò á fúyẹ́, á sì máa yà kiri lórí eré. Irin tí ń yí táyà náà á máa gbọ̀n.

OHUN TÍ Ẹ Ó PÀDÁNÙ

Kò sí ọjà tí a rà tí a kò san nǹkan. Bí afẹ́fẹ́ bá ti lọ, jíìpù kò ní gòkè kò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ibi tí ó bá wà ni yóò máa wà. Èyí tí ó kan àwa ọlọ́jà jù ni ti ẹrù. Bí sípíríǹgì kan bá wálẹ̀ ní ìka kan nítorí ẹrù kan, bí ẹ bá sọ ẹrù náà di méjì, á wálẹ̀ ní ìka méjì. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò tún un gbé. Àpò sìmẹ́ńtì 1 jẹ́ kílò 50. Ẹni tí ó bá kó 10 sẹ́yìn ti kó kílò 500, kí èèyàn tó wọlé rárá. Ìdí mọ́tò á lọlẹ̀, iwájú á gbé sókè, iná á máa wo ojú ọ̀run, táyà iwájú kò sì ní tẹ ilẹ̀ bí ó ti yẹ.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn tí ó le wà fún ẹni tí ń kó ẹrù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sí i, tí mọ́tò sì ṣófo, á máa ta yín sókè ní gbogbo kòtò. Kí ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tí yóò tà á fún yín: ṣé ẹrù ni ẹ fi ń kó ni, àbí ọmọ ni ẹ fi ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́? Ẹ má sì gbàgbé pé sípíríǹgì líle kò sọ jíìpù di lọ́rì. Ìwọ̀n ẹrù tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe mọ́tò kọ sínú ìwé rẹ̀ kò yí padà.

JÍÌPÙ WO NI Ó YẸ FÚN?

Range Rover àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù, nítorí pé sípíríǹgì ni a fi bí i. P38 rọrùn pẹ̀lú, nítorí axle gbọọrọ ni ó ní níwájú àti lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀. Discovery ti 1998 sí 2004 rọrùn bákan náà, nítorí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe òmíràn tí ó ní sípíríǹgì lẹ́yìn. Ìjókòó àti sípíríǹgì tí ó bá a mu kò ṣòro láti rí.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ́ra díẹ̀ lórí àwọn tí ó jáde lẹ́yìn wọn, bíi Range Rover ti 2002 sókè àti Discovery kẹta tí ó jáde ní 2004. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá rìn nínú ti wọn, kọ̀ǹpútà afẹ́fẹ́ wọn sì ń bá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú mọ́tò sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Níbi tí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò kò bá sí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ ÀTI Ẹ̀YÁWÓ

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ládipọ̀ ní Mushin tàbí Gate ní Ìbàdàn láti ra páàtì, ẹ gbọ́ èyí. Àpò afẹ́fẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má rà á láé. Ọjọ́ orí rọ́bà kò ṣeé fọ̀ kúrò. Sípíríǹgì tòkunbọ̀ ṣeé rà bí ẹ bá la ojú yín. Ẹ gbé méjèèjì dúró sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n ga dọ́gba. Kí ẹ wo gbogbo ara wọn bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti sán. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, jíìpù yín á máa tiro.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ìgbìmọ̀ rọ̀ yín pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó fún irú iṣẹ́ yìí mú iye owó mẹ́ta wá, kí ó wà nínú ìwé: iye tí a ó fi tún afẹ́fẹ́ ṣe, iye tí a ó fi sọ ọ́ di sípíríǹgì, àti iye tí ẹnìkan lè ra jíìpù náà bí ó ti wà yẹn. Bí owó iṣẹ́ bá ti ń sún mọ́ iye tí jíìpù náà tó, ẹ jẹ́ kí a tà á. Kí ẹ sì ṣírò ọjọ́ ọjà tí ẹ ń pàdánù mọ́ ọn. Ẹni tí ń ná ọjà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń pàdánù ọjọ́ ọjà 8 lóṣù tí mọ́tò bá fi dúró. Nígbà mìíràn, àtúnṣe tí ó wọ́n díẹ̀ tí ó sì yá ni ó jẹ́ èrè.

Ẹ má san owó iṣẹ́ tán lọ́jọ́ kan. Ẹ san owó páàtì pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ fi owó ọwọ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi wà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ohun tí wọ́n bá tú kúrò, tiyín ni. Ẹ kó o sílé. Kọ̀ǹpútà, sẹ́ńsọ̀ àti táǹkì tí ó ṣì dára ń tà fún ẹni tí ó fẹ́ pa afẹ́fẹ́ tirẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì ní ìbánigbófò lórí mọ́tò náà, ẹ kọ̀wé sọ fún wọn pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má bàa rí àwáwí lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ń pa jíìpù rẹ̀ mọ́, tí ó sì mọ rewáyà gidi, kí ó tún afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe, kí ó máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ sí oko tí kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ kọ̀ǹpútà wò ní ogójì máìlì yí i ká, sípíríǹgì á jẹ́ kí ó sùn lóru. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan yá owó lónìí nítorí ìbínú jíìpù tí ó sùn sílẹ̀, kí ó tún wá yá òmíràn lọ́la nítorí iṣẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wà lọ́wọ́ wa ní ọ́fíìsì. Kí ẹ mú ìwé iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pẹ̀lú àwọn onídùúró yín, a ó sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ire o.